Ṣáàfù Kejì

Ọkùnrin náà funfun láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fi ẹfun kùn. Òjò ti lù ú lórí ọ̀kadà láti ojú ọ̀nà Ìkòrò, ẹrẹ̀ funfun ibi ìwakùsà sì ń ṣàn wálẹ̀ lára rẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì ẹnu ọ̀nà. Ó gbé irin tí a fi àpò wé lé èjìká. Kò wọlé. Ó dúró bí ẹni tó ń bẹ̀rù pé òun yóò dọ̀tí ilé onílé.

Fàthíà pa ẹ̀rọ léèdì tó fi ń gé irin, ó nu ọwọ́ mọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀.

"Ẹ kú uṣẹ́ o, àǹtí. Ẹ jọ̀ọ́, tọ́nà, ẹni tó ń gé irin, ni mò ń wá."

"Ẹ ti rí i."

Ọkùnrin náà wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó wo igun ṣọ́ọ̀bù. "Níbo ni wọ́n wà?"

"Ẹ máa wá a lọ," ni Fàthíà wí. "Bí ẹ bá wá a dé abẹ́ àga tí ẹ ò rí i, ẹ padà sọ́dọ̀ mi."

Ó yé e. Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹrẹ̀ tó ti gbẹ létí ẹnu rẹ̀ sì là pẹ́rẹ́. Fàthíà tí kì í bá oníbàárà ṣeré bá a rẹ́rìn-ín, ó sì yà á lẹ́nu pé òun rẹ́rìn-ín.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni Fàthíà. Ó kàwé ẹ̀rọ ní pólì, ṣùgbọ́n ọwọ́ bàbá rẹ̀ ló ti kọ́ irin gígé. Láti Ìjerò dé Àrámọkọ, kò sí ẹni tó ní ẹ̀rọ ọlọ kan tí kò mọ Àlàbí Tọ́nà. Bàbá lọ sóko lọ́jọ́ náà.

Waheed ni orúkọ àlejò náà, ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí. Òun ló ń tọ́jú pọ́ǹpù méjì tó ń fa omi ẹlẹ́rẹ̀ jáde nínú kòtò ìwakùsà kan lọ́nà Ìkòrò. Ọkùnrin mọ́kànlá ló ń gbẹ́lẹ̀ nísàlẹ̀ kòtò náà. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ṣáàfù pọ́ǹpù kìíní, ọ̀pá irin tó ń yí fáànù inú rẹ̀, kán sí méjì. Omi ti dé ìbàdí wọn kí wọ́n tó gun àkàsọ̀ jáde, ọ̀kan nínú wọn tó ń jẹ́ Samson sì jábọ́, ó fi apá ṣẹ́.

Fàthíà tú àpò náà. Ó gbé ojú ibi tí irin ti kán sí ìmọ́lẹ̀.

"Ẹ wò ó. Ibí yìí dán, ó ní ìlà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ìlà inú igi tí wọ́n gé. Ibí ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Ìyókù tó rí ṣákaṣàka yìí nìkan ló kán lónìí. Ṣáàfù yìí ò kú lójijì o. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tó ti ń kú lọ."

"Kí ló pa á?"

"Irin rẹ̀ rọ̀ jù. Igun yìí ló wá parí ẹ̀. Fáànù pọ́ǹpù ẹrẹ̀ wúwo, ẹrẹ̀ tó ń gbé náà wúwo, orí ṣáàfù ni gbogbo rẹ̀ sì wà bí ẹrù orí aláàárù. Ibi tí ṣáàfù ti ń ti nípọn bọ́ sí tín-ín-rín, wọn kì í gé e ní ṣóńṣó báyìí. Ṣe ni wọ́n máa ń jẹ́ kó tẹ̀ roboto, kí ìnira má baà kóra jọ sójú kan."

Waheed mi orí. "Ta ni ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ tó ń pe ara ẹ̀ ní tọ́nà?"

Fàthíà yí irin náà po kó lè nu ẹrẹ̀ ìdí rẹ̀. Lẹ́tà A kan wà níbẹ̀ nínú òbìrí kékeré. Àmì bàbá rẹ̀ ni. Kó tó ronú, àtàǹpàkò rẹ̀ ti bo àmì náà.

"Mi ò mọ̀," ló sọ.

"Ẹni tó wà níbẹ̀ kí n tó dé ló rà á. Ọjọ́ kan náà ló ra ti pọ́ǹpù kejì."

Fàthíà gbọ́. Ó fi àpò wé irin náà padà.

Ó ti pé ọdún kan tó ti mọ̀ pé ojú Bàbá ti ń ṣú. Bí Bàbá bá ti gé irin tán tó lọ kírun, òun a yọ́ lọ síbi ẹ̀rọ, a tún àwọn igun náà gé. Àmọ́ èyí tí Bàbá gé nígbà tí òun kò sí nílé ńkọ́? Bí ó bá sọ ọ́ síta, orúkọ tí Bàbá fi ọdún márùndínlógójì kọ́ ti wó nìyẹn. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé bóyá irin ti ìkejì le ju èyí lọ, pé òun yóò wá ọgbọ́n kan dá sí i.

Ó fi ààsù, ọ̀pá ìdí táyà ọkọ̀ tírélà, gé ṣáàfù tuntun, irin tí kì í bọ̀rọ̀ tẹ̀, ó sì bá Waheed lọ sí ibi iṣẹ́ lọ fi í sípò. Ó fi páìpù kékeré wọ̀ ọ́ lára kí yanrìn má baà jẹ ẹ́. Ó ní kí Waheed gbé ọwọ́ lé ilé bẹ́árìn, ibi tí ṣáàfù ti ń yí, láràárọ̀ kó wò ó bóyá ó gbóná.

"Bó bá gbóná ńkọ́?"

"Ẹ pè mí."

"Bí ò bá gbóná ńkọ́?"

Fàthíà wojú rẹ̀. Ó ti fọ ẹrẹ̀ ojú rẹ̀ kúrò, ojú tó dára ni. "Ẹ pè mí náà."

Bẹ́ẹ̀ ni Waheed ṣe ń pè é. Kò pẹ́ tí "ẹ" fi di "o" láàárín wọn. Ó ń ra ẹ̀pà sísè wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń pè é ní Tọ́nà mi, òun náà ń pè é ní Ọkọ Ẹrẹ̀. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún kọjá; wọ́n ti fi ẹlòmíràn rọ́pò Samson nínú kòtò. Ayọ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n nígbàkigbà tí Waheed bá sọ pé pọ́ǹpù méjèèjì ń ṣiṣẹ́, Fàthíà a yára yí ọ̀rọ̀ padà. Ọgbọ́n tó ní òun yóò wá, kò wá a. Ìbẹ̀rù pé Waheed lè fi òun sílẹ̀ ti wá kún ìbẹ̀rù nítorí orúkọ Bàbá.

Ní Sátidé kan lẹ́yìn ìrun Àyìlà, Waheed wọ búbá àti ṣòkòtò, ó wá kí Bàbá nítorí Fàthíà. Bàbá gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ó fẹ́ràn bí ọmọkùnrin náà ṣe dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó bi í léèrè iṣẹ́ rẹ̀, inú Waheed sì dùn láti ròyìn.

"Bàbá, ọmọ yín gan-an ló yọ wá. Ṣáàfù tí wọ́n tà fún wa tẹ́lẹ̀, ẹni tó gé e fẹ́ pa wá ni. Igun rẹ̀ ṣóńṣó bí ẹnu ọ̀bẹ. Ẹ̀gbin ni irú tọ́nà bẹ́ẹ̀ jẹ́ fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọṣẹ́. Bí mo bá rí i, màá fà á dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá."

Bàbá wo Fàthíà, Fàthíà wolẹ̀. Àṣírí tú láàárín bàbá àti ọmọ láìsí pé ẹnì kan la ẹnu.

Bàbá dìde. "Mi ò ní ọmọ tí mo fẹ́ fi fún yín. Ẹ máa lọ ulé."

Waheed jáde bí ẹni tí wọ́n da omi tútù lù. Fàthíà sáré tẹ̀ lé e. "Kí ni mo sọ? Kí ni mo ṣe?" ni Waheed ń bi í.

"Àmì bàbá mi ló wà lára ṣáàfù yẹn. Mo fi àtàǹpàkò bò ó lọ́jọ́ tó o gbé e wá." Ó di apá rẹ̀ mú. "Waheed, ti pọ́ǹpù kejì, ọwọ́ kan náà ló gé e."

Waheed kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ yí padà.

"Ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Èèyàn mọ́kànlá ló ń sọ̀kalẹ̀ síbẹ̀ lójoojúmọ́, o mọ̀, o ń bá mi jẹ ẹ̀pà?"

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó ti fìbínú ta ọ̀kadà rẹ̀. Fàthíà fò sẹ́yìn rẹ̀, kò sì lé e sọ̀kalẹ̀, ṣùgbọ́n kò bá a sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi dé ibi ìwakùsà. Òjò ti ṣú bo orí òkè. Wọ́n ti ń gbọ́ ohùn pọ́ǹpù kejì láti ọ̀nà jíjìn, ohùn kan tó ń ké wíwí lábẹ́ ìró ẹ̀ńjìnnì. Fàthíà mọ ohùn yẹn: ohùn ṣáàfù tó fẹ́ kán ni.

Waheed fun fèrè. Sunday, ìkejì rẹ̀ níbi iṣẹ́, ń pariwo sínú kòtò pé kí wọ́n gòkè. Àkàsọ̀ kan ṣoṣo ló wà, ẹrẹ̀ sì ti mú kó máa yọ̀. Waheed ń kà wọ́n bí orí kọ̀ọ̀kan ṣe ń yọ: mẹ́ta, márùn-ún, mẹ́jọ. Ẹnì kẹwàá yọ̀, ó dì í mú, ó tún gùn ún. Nígbà tí ẹnì kọkànlá fi ẹsẹ̀ tẹ orí ilẹ̀ ni Waheed tó pa pọ́ǹpù.

Wọ́n tú ṣáàfù náà. Fàthíà nù ún mọ́, ó fi karosíìnì pa á, ó jẹ́ kó dúró díẹ̀, ó nù ún gbẹ, ó wá lọ ṣọ́ọ̀kì kúnná, ó fi ìyẹ̀fun rẹ̀ pa igun náà. Gbogbo wọn dúró tì í. Díẹ̀díẹ̀ ni karosíìnì tó ti sá pamọ́ sínú irin ń yọ jáde, títí ìlà dúdú kan bí òwú fi yí ṣáàfù náà ká ju ìlàjì lọ.

Ọ̀kadà mìíràn dúró. Bàbá tó ti tẹ̀ lé wọn láti ilé ló sọ̀ lórí rẹ̀. Ó gba ṣáàfù náà, ó gbé e sún mọ́ ojú, kò rí nǹkan kan. Ó wá fi èékánná fà á, èékánná rẹ̀ sì kọ́ nínú ìlà náà. Ó ṣí fìlà.

"Èmi Àlàbí ni mo gé e," ló sọ fún àwọn awakùsà. "Ojú mi ò ríran mọ́, mo fi pamọ́ fún ọmọ mi, ọmọ mi náà ń fi pamọ́ fún mi. Ẹ forí jì mí. Ní ti Samson, màá lọ bẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀."

Waheed dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú búbá rẹ̀. "Bàbá, ẹ má bínú sí ọ̀rọ̀ ẹnu mi." Bàbá fà á dìde. Ṣùgbọ́n Waheed kò wo ọ̀dọ̀ Fàthíà.

Ọjọ́ méjì ni bàbá àti ọmọ fi gé ṣáàfù tuntun. Bàbá ń fi etí gbọ́ bí irin ṣe ń jẹ irin, ó ń sọ ìgbà tí yóò rọra, Fàthíà ń fi ojú wò ó. Wọn kò fi nǹkan kan pamọ́ fún ara wọn mọ́. Sunday ló wá gbé e.

Láti ìgbà náà, gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni Fàthíà ń lọ wo pọ́ǹpù méjèèjì. Ó ń fi ọwọ́ yí ṣáàfù wò, ó ń fi gíríìsì sí i. Waheed ń dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. "Ẹ káàbọ̀. Ẹ ṣeun." "Ẹ" náà ń gún un ju èébú lọ. Fàthíà fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí Waheed lórí fóònù lẹ́ẹ̀kan, kò gba èsì, kò sì tún fi òmíràn ránṣẹ́.

Ní Ọjọ́bọ̀ kẹrin, ó gbé ọwọ́ lé bẹ́árìn pọ́ǹpù kìíní, ó sì yára mú un kúrò. Ó gbóná. Ṣáàfù tirẹ̀ ni, èyí tó fi ṣe fáàrí. Ó yẹ ìwé ìwọ̀n tó kọ nígbà tó ń gé e wò, ó tún un yẹ̀ wò: ibi tí bẹ́árìn jókòó sí fi ohun tí kò tó irun orí nípọn jù. Kò tíì gbóná nígbà tí Waheed fọwọ́ bà á láàárọ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ̀. Ó lè fi gíríìsì sí i kó padà wá tún un ṣe ní ìkọ̀kọ̀. Ó rìn lọ bá Waheed láàárín gbogbo òṣìṣẹ́.

"Ẹ kó àwọn èèyàn jáde, kẹ́ ẹ pa pọ́ǹpù kìíní. Èmi ni mo ṣe ṣáàfù yẹn ṣìnà."

Àwọn ọkùnrin náà jáde. Ariwo dákẹ́. Waheed sún mọ́ ọn.

"O lè ti dákẹ́," ló sọ.

"Mo ti dákẹ́ rí."

Waheed gba sípánà lọ́wọ́ rẹ̀, ó jókòó ti pọ́ǹpù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Nígbà tó ṣe, ó ní, "Inú tó bí mi sí ọ, ó pọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá délé, ìwọ náà ni mò ń wá láti sọ ọ́ fún."

"Sọ ọ́ fún mi, Waheed. Màá gbọ́ gbogbo rẹ̀."

Ó sọ ọ́ fún un. Kò fi bò. Fàthíà sunkún díẹ̀, ó sì gbọ́ ọ dé òpin. Nígbà tí wọ́n fi yọ ṣáàfù náà tán, èjìká wọn ti kan ara wọn, kò sì sẹ́ni tó sún kúrò.

"Ṣé o máa fẹ́ mi?" ni Waheed bi í.

"Ọkọ Ẹrẹ̀, o ò rí i pé ọwọ́ mi kún fún gíríìsì?"

"Èmi náà."

"Mo gbà."

Lẹ́yìn ọ̀gbẹlẹ̀ ni wọ́n so yìgì ní Ìjerò, lẹ́yìn ìrun Alásárì. Ìyá Waheed ti Òkè-Ìmẹ̀sí wá pẹ̀lú agbọ̀n ọsàn. Samson jókòó síwájú, apá rẹ̀ ti san. Nígbà tí Ààfáà bi ìyàwó ohun tó fẹ́ gbà ní sàdáàkì, ẹ̀bùn tí ọkọ ń fún ìyàwó, gbogbo ilé na ọrùn láti gbọ́.

"Irin ìwọ̀n," ni Fàthíà wí láti abẹ́ ìbòrí. "Èyí tó lè wọn ohun tó kéré ju irun orí lọ."

Ẹ̀rín sọ. Ààfáà yíjú sí Bàbá, ó bi í bóyá ó gbọ́ ohun tí ọmọ rẹ̀ sọ.

"Mo gbọ́," ni Bàbá wí. "Ojú mi nìkan ni ò dáa. Waheed, ṣé o lè san án?"

Waheed ti ki ọwọ́ bọ àpò agbádá. Ó ti bi Sunday léèrè ohun tí àwọn tọ́nà ń fẹ́ jù láyé, ó sì ti lọ rà á ní Adó láti ọjọ́ mẹ́ta. Ó gbé àpótí pẹlẹbẹ kan tí irin ìwọ̀n wà nínú rẹ̀ síwájú Ààfáà. Ìyá rẹ̀ pariwo ayọ̀, Ààfáà gbé ọwọ́ àdúà sókè, Fàthíà sì fi etí ìbòrí nu ojú, ó ní àmín kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀.