Omi Kọ́nà Ìkẹyìn

Mẹ́dàlì góòlù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí ìròyìn náà dé.

Inú bọ́ọ̀sì ni wọ́n wà, àwọn ọmọbìnrin eléré ìje tí wọ́n ń ti ibi ìdíje bọ̀. Wọ́n ń kọrin, wọ́n ń lu ẹ̀yìn ìjókòó bí ìlù. Ẹ̀fúùfù nìkan ni kò kọrin. Òun ló gba ipò kìíní, òun náà ló sì jókòó sójú fèrèsé bí ẹni tí wọ́n jà lólè. Fóònù ọ̀gá tó kó wọn lọ dún. Ọkùnrin náà gbé e sétí tẹ̀ríntẹ̀rín, ó ní, "A ti ń bọ̀ o, ẹ sọ fún Kóòṣì pé..." Kò parí rẹ̀. Ó rọra ṣí fìlà rẹ̀, ó sì ní kí awakọ̀ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà.

"Kóòṣì ti lọ," ó wí.

"Wọ́n lọ síbo?" Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló béèrè, ọmọ tí kò sí ohun tí kì í fi ṣàwàdà. "Ṣebí dókítà ní kí wọ́n má kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yé Pẹ́lẹ́ńgẹ́, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó sì bú sẹ́kún. Gbogbo wọn bá a sun ún. Ẹ̀fúùfù kò sunkún. Ó tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bí ẹni pé ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ni. Èrò kan ṣoṣo ló sọ sí i lọ́kàn, ó sì bà á lẹ́rù: "Ta ni yóò wá máa bú mi báyìí?"

Ẹ má jẹ́ kí èyí yà yín lẹ́nu. Ó ní bí Kóòṣì ṣe ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ó máa ń sọ pé kò sí ẹsẹ̀ tí kò lè sáré, pé ọkàn ló ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹsẹ̀, àti pé kọ́kọ́rọ́ ọkàn kálukú yàtọ̀. Ní ti Pẹ́lẹ́ńgẹ́, ìyìn ni. Bí o bá ní, "Ó káre, ọmọ dáadáa," á fẹ́rẹ̀ẹ́ fò. Ní ti Ẹ̀fúùfù, èébú ni. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé pápá, Kóòṣì wò ó títí, ó ní, "Ìwọ ni kí wọ́n máa rán níṣẹ́ ikú. Ẹni tí wọ́n fẹ́ pa á gbó kó o tó débẹ̀." Ẹ̀jẹ̀ ọmọbìnrin náà hó. Ó sáré débi tí àwọn tó ń wòran fi dìde dúró. Kóòṣì mi orí. Ó ti rí kọ́kọ́rọ́.

Ìwà rẹ̀ kejì rèé. Láàárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó dé, á fi agolo kan tó lu ìdí rẹ̀ ní ihò wẹ́wẹ́ wọ́n omi sí kọ́nà ìkẹyìn, níbi tí erùpẹ̀ ti pọ̀ jù. Bó bá tán, á fi agolo náà kọ́ sórí ìṣó lára òpó pápá. Àwọn tó ń kọjá lọ síbi iṣẹ́ á máa fi í ṣẹ̀fẹ̀.

"Kóòṣì, ṣé iṣu lẹ gbìn síbẹ̀ ni?"

"Ẹsẹ̀ ni mo gbìn," Kóòṣì á dáhùn. "Ẹ ṣì ń bọ̀ wá rí ìkórè."

Orí kọ́nà yìí náà ni Télọ̀ ti kọ́kọ́ rí Ẹ̀fúùfù.

Wọ́n ní kí Télọ̀ wá wọn àwọn eléré fún jẹ́sì tuntun. Ó wọ ṣáàtì funfun báláú, ó fi téèpù kọ́rùn, ó sì dúró sójú ọ̀nà eré láìmọ̀. Ló bá rí ọmọbìnrin kan tó yọ ní kọ́nà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò pẹ́ nílẹ̀, ojú rẹ̀ ń tàn, ẹrẹ̀ ń ta sókè lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹyẹ tó ń ṣí lọ. Télọ̀ kò lè yà. Ọmọbìnrin náà ló yà fún un, ẹrẹ̀ sì fọ́n sára ṣáàtì funfun náà láti ọrùn dé ìdí.

"Ọ̀gbẹ́ni, ṣé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé yín nìyí?"

"Ẹ má bínú. Wọ́n ní kí n wá wọn èèyàn. Wọn ò sọ fún mi pé afẹ́fẹ́ ni mo máa wọ̀n."

Ẹ̀rín fẹ́ pa ọmọbìnrin náà, ó gbé e mì. Nígbà tí Télọ̀ na téèpù sí èjìká rẹ̀, ó ní, "Dúró jẹ́ẹ́."

"Mo dúró."

"O ò dúró. Gìgísẹ̀ rẹ ń jó."

"Kóòṣì, télọ̀ yín yìí ń fi àkókò ṣòfò!" ni Ẹ̀fúùfù ké.

"Ìwọ náà ń sọ̀rọ̀ àkókò?" Kóòṣì dáhùn lókèèrè. "Ìwọ tó jẹ́ pé bí ìgbín bá bá ọ lọ́nà, á ní kí o yà fún òun."

Télọ̀ rí i bí iná ṣe sọ lójú ọmọbìnrin náà. Títí ó fi délé, iná yẹn kò kú lójú tirẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n Kóòṣì ni Télọ̀. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó wà ní kékeré, Kóòṣì sì gbé e sẹ́yìn wá sílé ara rẹ̀, ó tọ́ ọ, ó sì fi í sẹ́nu iṣẹ́ aránṣọ. Bàbá ló ń pè é. Ó mọṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, síbẹ̀ jẹ́sì Ẹ̀fúùfù fún un ní abíyá. Ó gbà á padà. Nígbà tó tún gbé e dé, ọrùn rẹ̀ ti gbòòrò jù. Ó tún gbà á padà.

"Ìwọ télọ̀ yìí," ni Ẹ̀fúùfù wí, "ṣé o ò mọṣẹ́ ni, àbí o mọ̀ ọ́n jù?"

"Bí aṣọ bá bá ọ mu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ààyò mi, kí ni n óò tún máa wá ṣe níbí?"

Báyìí ni ọ̀rọ̀ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, Télọ̀ á ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, á wá dúró ní ẹ̀gbẹ́ kọ́nà ìkẹyìn. Ẹ̀fúùfù á sì máa rò ó lọ́kàn bó bá ti ń sún mọ́ ibẹ̀ pé, "Ó wà níbẹ̀." Kò mọ̀ pé ìyẹn náà ti ń di kọ́kọ́rọ́.

Nígbà tí ìdíje ńlá kù sí dẹ̀dẹ̀, wọ́n sáré ìdánwò. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló ṣíwájú Ẹ̀fúùfù. Ẹ̀fúùfù rẹ́rìn-ín, ó gbé ọmọ náà mọ́ra. Kóòṣì, tó ti ń fọwọ́ tẹ àyà kiri nítorí àìsàn nígbà náà, dúró bí òpó. Ọmọ yìí pàdánù, ó sì rẹ́rìn-ín? Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ náà ti gbé e lọ́kàn.

Ọjọ́ tó ku ọ̀la kí wọ́n gbéra ni Télọ̀ wá sẹ́nu géètì. Kò wo ojú Ẹ̀fúùfù.

"Má dúró dè mí mọ́," ó wí. "Ẹni tí mo fẹ́ mú sílé kì í ṣe ẹni tó ń sáré kiri pápá."

"Kí lo wí?"

"Ohun tí o gbọ́ yẹn náà ni."

Ó yí padà, ó ń lọ kíákíá. Ẹ̀fúùfù dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n da omi tútù sí lójú oorun. Ọ̀rọ̀ yẹn ló bá sáré lọ́jọ́ ìdíje. Kò rí ojú ọ̀nà, kò rí èèyàn. Ó fi omijé sáré, ó sì borí. Wọ́n fi góòlù sí i lọ́rùn, ó sì wúwo bí òkúta. Kò tíì bọ́ ọ lọ́rùn tí ìròyìn fi bá a nínú bọ́ọ̀sì.

Níbi ìsìnkú, gbogbo àwọn eléré so aṣọ dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ apá. Télọ̀ ló rán an. Ojú rẹ̀ ti wú. Ó sún mọ́ Ẹ̀fúùfù, ó ní, "Jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn..."

"Jẹ́ kí n sunkún òkú kan tán ná," ni ọmọbìnrin náà wí.

Télọ̀ wo pósí. Ó wo ìyàwó Kóòṣì, tí àwọn èèyàn dì mú. Ó sì pa ẹnu rẹ̀ dé. Òkú kì í wá jẹ́jọ́, ẹni tó bá sì mọ oore kì í gbé ẹ̀bi lé ẹni tí kò lè dáhùn mọ́.

Kóòṣì tuntun dé, ọ̀dọ́mọkùnrin oníwà tútù. Bí Ẹ̀fúùfù bá sáré, á pàtẹ́wọ́, á ní, "Ó dára púpọ̀!" Ẹsẹ̀ Ẹ̀fúùfù ń wọ́ nílẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bú mi," ó wí lọ́jọ́ kan.

"Kí n bú ọ kẹ̀?"

"Ẹ ṣáà bú mi."

Ọkùnrin náà ronú, ó wúkọ́. "Ó... ó dà bíi pé o lè yára díẹ̀ ju báyìí lọ."

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ jókòó sílẹ̀, ẹ̀rín ò jẹ́ kó mí. "Ṣé èébú nìyẹn ni, àbí àdúrà?"

Ẹ̀fúùfù náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tó délé, ó kó bàtà eré rẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìbínú tó fi ń sáré ti tán, ẹni tó ń dá iná rẹ̀ ti lọ. Kò sì mọ ohun tí òun tún jẹ́, bí òun ò bá jẹ́ ẹni tó ń sáré.

Nígbà tí ara ò gbà á mọ́, ó mú góòlù náà, ó gbé e lọ fún ìyàwó Kóòṣì kí wọ́n lè fi sójú oórì. Yàrá náà wà bí olóògbé ṣe fi í sílẹ̀: fìlà lórí ìṣó, rédíò tí wọ́n fi rọ́bà so ìdérí bátìrì rẹ̀, agolo oníhò tó gbé wálé nígbà tó dùbúlẹ̀ àìsàn, lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Fi góòlù rẹ sọ́wọ́ ná, kó o jókòó," ni Màmá wí. "Ọ̀rọ̀ kan há mi lọ́fun bí eegun ẹja. Ọkọ mi ló rán Télọ̀ sí ọ."

Góòlù bọ́ lọ́wọ́ Ẹ̀fúùfù, ó ró gbàá lórí sìmẹ́ńtì.

"Wọ́n ní o pàdánù, o sì ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ìfẹ́ ti pa iná ọmọ yẹn. Wọ́n pe Télọ̀, wọ́n ní kó sọ ọ̀rọ̀ kan tó máa gún ọ, pé bí o bá ti borí, àwọn fúnra àwọn á wá bẹ̀ ọ́. Ọmọ náà kọ̀. Wọ́n ní, 'Kí ni mo béèrè lọ́wọ́ rẹ rí, láti ọjọ́ tí mo ti gbé ọ sẹ́yìn?' Ló bá fi ẹkún jáde."

"Màmá!" Ẹ̀fúùfù fò dìde. "Kóòṣì fúnra wọn ló ní kí n má ná gbogbo agbára mi síbi ìdánwò! Mo gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu ni. Mo rò pé inú wọn ń dùn, ni mo ṣe rẹ́rìn-ín."

Màmá gbé ọwọ́ méjèèjì lérí. "Yéè! Wọ́n ti gbàgbé. Àìsàn ò jẹ́ kí wọ́n rántí."

Màmá tọ́ka sí rédíò. "Ibẹ̀ yẹn ni wọ́n ti gbọ́ pé o borí. Wọ́n dìde. Wọ́n ní, 'Ẹ bá mi pe Télọ̀, kó sáré lọ bẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ ti parí, kó lọ bẹ̀ ẹ́.' Wọ́n jókòó padà. Ìgbà tí mo fi máa dé ẹnu ọ̀nà..."

Ẹ̀fúùfù dì í mú. Inú bí i sí olóògbé náà ju bí inú ti bí i sí ẹnikẹ́ni rí, ìfẹ́ rẹ̀ sì gbá a lọ́kàn mú, kò sì mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ sunkún fún.

Ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́ ló fi rìn dé ṣọ́ọ̀bù Télọ̀. Máṣínnì dákẹ́.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Ta ni kí n fi ṣe ẹlẹ́rìí? Ẹni tó wà nínú ilẹ̀?"

"Ẹnu rẹ lo fi sọ ọ́ o. Kì í ṣe ẹnu wọn."

"Ẹnu mi ni." Télọ̀ wo ojú rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. "N ò di ẹ̀bi ru Bàbá. Mo kọ̀, ṣùgbọ́n n ò kọ̀ tó."

Ẹ̀fúùfù yíjú kúrò, ojú rẹ̀ sì bá ṣáàtì funfun kan tó kọ́ sára ògiri lẹ́yìn máṣínnì, ẹrẹ̀ gbígbẹ lára rẹ̀ láti ọrùn dé ìdí.

"O ò fọ̀ ọ́?"

"Àwọn oníbàárà ti sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sú. N ò lè fọ̀ ọ́."

"Ó ń rùn."

"Mo mọ̀."

Ẹ̀fúùfù fọwọ́ kan ẹrẹ̀ náà. "Wá sí pápá láàárọ̀ ọ̀la. Má bú mi, má sì yìn mí. Ṣáà dúró."

Lọ́jọ́ kejì ó wọ bàtà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ẹsẹ̀ rẹ̀ le. Nígbà tó dé kọ́nà ìkẹyìn, eruku sọ lálá, ó bo ojú rẹ̀, ó wọ àyà rẹ̀. Ó wúkọ́ títí ó fi dúró. Erùpẹ̀ ibẹ̀ ti gbẹ hán-ún hán-ún. Kò sẹ́ni tó wọ́n omi síbẹ̀ láti ìgbà tí Kóòṣì ti dùbúlẹ̀ àìsàn.

Ìgbà náà ló yé e. Ní gbogbo àkókò tí èébú fi wà lẹ́nu ọkùnrin náà, omi wà lábẹ́ ẹsẹ̀ òun. Òun gbọ́ èébú lójoojúmọ́, kò sì fìgbà kan fiyè sí omi. Ó kúnlẹ̀ sínú eruku, ẹkún tí kò sun nínú bọ́ọ̀sì sì wá gba ẹnu rẹ̀ jáde.

Télọ̀ gbésẹ̀, ó rántí, ó sì dúró.

Nígbà tó ṣe, ọmọbìnrin náà dìde, ó nu ojú, ó tún bẹ̀rẹ̀. Kò bínú sí ẹnì kankan, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń lọ. Ó ń lọ! Ìyàlẹ́nu náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e ṣubú. Ó yọ ní kọ́nà, ó rí Télọ̀ tó dúró síbẹ̀, ó sì sáré bá a bí ẹni tó ń sáré lọ sílé.

Télọ̀ fa téèpù yọ lápò. Ó di ìka Ẹ̀fúùfù kan mú.

"Kí lo fẹ́ wọ̀n níbẹ̀ yẹn?"

"Òrùka. Bó bá wù ọ́. Dúró jẹ́ẹ́."

"Bó bá tún fún mi ńkọ́, tí o ní kí n dá a padà?"

"Èyí ò ní padà. Dúró."

"Mo dúró," ó wí. Lọ́tẹ̀ yìí, gìgísẹ̀ rẹ̀ kò mì.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó wọn, nígbà tí àwọn ará ilé ṣì ń wá omi ìwẹ̀, àwọn méjèèjì wà ní pápá. Télọ̀ ń pọn omi. Ẹ̀fúùfù gbé agolo oníhò tí Màmá fi lé e lọ́wọ́, ó ń fẹ̀yìn rìn, ó ń wọ́n ọn díẹ̀díẹ̀ títí kọ́nà ìkẹyìn fi dúdú, tí òórùn ilẹ̀ tútù sì gba afẹ́fẹ́. Ó gbọn ẹ̀kán omi tó kù nù. Ó fi agolo náà kọ́ sórí ìṣó lára òpó.

Wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn eléré tó ń bọ̀, wọ́n sì yà fún wọn lójú ọ̀nà.