Òdiwọ̀n Tí Gbóyèga Yọ

Gbóyèga jí láàárọ̀ Sátidé, ojú rẹ̀ wúwo bí ẹni tí kò sùn rárá. Ìyá rẹ̀, Ọláwùmí, ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ibi iṣẹ́ òru nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni, kò tiẹ̀ bọ́ aṣọ iṣẹ́ tó fi jókòó síwájú kọ̀ǹpútà ní pálọ̀. Ọjọ́ náà ni wọ́n ń sin ìyá tirẹ̀ ní Ìṣẹ́yìn. Ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò tíì jáde, kò lè kúrò ní Toronto. Orí fídíò ló ti máa sin ìyá tó bí i lọ́mọ.

Òun ni àkọ́bí. Nínú ìdílé wọn, àkọ́bí ló sì ń kọ́kọ́ da erùpẹ̀ lé pósí. Wọ́n ti wá fẹnu kò pé Adégòkè, àbúrò rẹ̀, á bu erùpẹ̀ náà dání, Ọláwùmí á dágbére láti ilé wọn ní Rexdale, ní Toronto, kí Adégòkè tó dà á. Kọ̀ǹpútà ilé wọn ló so gbogbo mọ̀lẹ́bí pọ̀, àwọn ará London náà wà níbẹ̀.

Àmọ́ kọ̀ǹpútà kan náà ló gbé géèmù tí Gbóyèga àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń gbá, kálukú láti ilé tirẹ̀. Mákindé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń gbé ní Bowmanville, ló bá wọn tò ó, ó sì ti kìlọ̀.

"Mẹ́mọ́rì rẹ̀ ò pọ̀ o. Mo ti fi òdiwọ̀n sí èyí tí géèmù lè jẹ. Tó bá kọjá ẹ̀, géèmù nìkan ló máa kú. Tó o bá yọ òdiwọ̀n yẹn, tí mẹ́mọ́rì bá tán, kánẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ọ̀gá inú kọ̀ǹpútà tó ń pín in, á wá ẹyọ ètò tó tóbi jù, á pa á. Kò ní bi ẹ́ léèrè."

"Mo ti gbọ́, Brother Mákindé."

Ó gbọ́ lóòótọ́, etí rẹ̀ ò di. Ṣùgbọ́n nígbà tó ti ibi iṣẹ́ tó ti ń gbé páálí ní Malton dé lọ́jọ́ Jímọ̀, géèmù ń kú ṣáá, Luqman ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Guy, kọ̀ǹpútà yín ti darúgbó! Ẹ gbé e lọ síbi tí mọ́mì ẹ ti ń tọ́jú wọn!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Inú bí Gbóyèga, ó yọ òdiwọ̀n náà. Ó ní òun á dá a padà kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó rẹ̀ ẹ́, oorun gbé e lọ, kò sì rántí mọ́ nígbà tó jí.

Ní Ìṣẹ́yìn, òjò ti ṣú. Pósí ti wà nínú ihò. Adégòkè dúró síwájú fóònù, erùpẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó yá o. Ẹ dágbére fún Màmá."

Ọláwùmí la ẹnu. "Màmá mi..."

Ni fídíò bá pa.

Luqman àtàwọn yòókù ti jí, wọ́n ti ya bo géèmù. Géèmù ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn dá wà lọ́tọ̀ nínú kọ̀ǹpútà náà, ó sì kéré. Fídíò mọ̀lẹ́bí jẹ́ ẹyọ kan gbàǹgbà. Mẹ́mọ́rì tán, kánẹ́ẹ̀lì pa èyí tó tóbi jù. Kò mọ olóòkú, kò mọ ọmọ olóòkú.

"Gbóyèga! Kí ló dé?"

"I'm fixing it, Mummy! I'm fixing it!" Ó sáré sídìí kọ̀ǹpútà.

Ọláwùmí pe Adégòkè, kò gbé e. Ó tún pè é. Nígbà tó máa fi gbé e, òjò ti ń rọ̀, ṣọ́bìrì sì ń dún lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, a pè yín títí, ẹ ò dáhùn. Òjò ló lé wa. Mo ti bá yín dà á. Ẹ má bínú."

Gbóyèga dọ̀bálẹ̀, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ń retí ìgbájú. Ọ̀rọ̀ ti rẹ ìyá rẹ̀ kọjá ìyẹn.

"Ṣé wọn ò sọ fún ẹ ni?"

"Wọ́n sọ fún mi, mà."

"Èmi ni wọ́n ń pè, Gbóyèga. Létí ihò ìyá mi. Wọ́n pè mí, mi ò dáhùn."

Háà! Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ọmọ, ẹni tó fi òdiwọ̀n sí nǹkan lè má ní i lọ́kàn láti fìyà jẹ yín rárá. Ó lè jẹ́ ẹlòmíì ló ń dáàbò bò. Kí ẹ tó yọ ọ́ nítorí ẹ̀rín ọ̀rẹ́, ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tó máa fara gbá a. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn náà ni Gbóyèga dá òdiwọ̀n padà, kò sì gbà á lásìkò rárá. Ṣùgbọ́n a kì í sin ìyá ẹni lẹ́ẹ̀mejì.