Ọjọ́ Tó Yẹ Kí Tavares Padà Sílé-Ìwé

Ní àárọ̀ ọjọ́ Wẹ́sidé kan, nígbà tí oṣù karùn-ún ń parí lọ, Vernell Tibbs ṣí ṣọ́ọ̀bù ìgẹrun rẹ̀ ní ìlú Gary ní agogo mẹ́jọ gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe. Ó gbálẹ̀, ó rẹ àwọn táwẹ̀lì sínú omi gbígbóná, ó sì tan rédíò. Kò pẹ́ tí Díákónì Purvis fi wọlé tó jókòó sórí àga àkọ́kọ́. Bàbá náà ti lé ní àádọ́rin ọdún, irun tó kù lórí rẹ̀ kò sì ju èyí tí ènìyàn lè kà lọ, síbẹ̀ kò sí ọ̀sẹ̀ tí kì í wá. Kì í ṣe irun ló ń bá wá síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ló ń bá wá.

Ọ̀rọ̀ tó sì wà nílẹ̀ láti oṣù kẹta kò ju ẹyọ kan lọ: Tavares, ọmọ Vernell. Ọmọ ogún ọdún ni, ó ga débi pé ó ń tẹrí ba kó tó lè wọlé, ó sì ti lo ọdún méjì ní yunifásítì kan tó ń gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n fún. Nítorí bọ́ọ̀lù náà, wọn kì í gba owó ilé-ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, wọn kì í gba owó oúnjẹ tàbí ti yàrá. Nígbà tí sáà parí, ó fi orúkọ sílẹ̀ pé kí àwọn ẹgbẹ́ ńlá tó ń sanwó yan òun lóṣù kẹfà, kí òun fi ìwé sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni bàbá rẹ̀ kò ti ní ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu. Ẹni tó wá gẹrun á gbọ́, ẹni tó kàn yà béèrè ọ̀nà á gbọ́. Ọdún méjìdínlógún ni Vernell fi ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń yọ́ irin kí wọ́n tó dá a dúró, kò sì sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ fún un rí lọ́jọ́ ayé rẹ̀. Wàyí o, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Kí a má parọ́, ó dùn mọ́ ọn.

"Vernell," Purvis bi í láàárọ̀ ọjọ́ náà, "tí ọmọ ẹ bá ti bọ́ sọ́hùn-ún, ṣé wàá ṣì máa fọwọ́ kan orí wa?"

"Orí tiyín ńkọ́? Kí ni mo ń gẹ̀ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀?"

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Vernell náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò kúrò lára aago. Òun nìkan ló mọ̀ níbẹ̀ pé òní ni ọjọ́ ìkẹyìn tí Tavares lè yọ orúkọ kúrò kó sì padà sílé-ìwé. Lẹ́tà gbọ́dọ̀ dé ọ́fíìsì àwọn tó ń gba orúkọ náà kó tó di agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́.

Odessa, ìyàwó rẹ̀, ń wa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ ilé-ìwé. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ já àwọn ọmọ ìkẹyìn sílẹ̀ ni fóònù rẹ̀ dún. Misis Brandt ni, obìnrin tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù ní yunifásítì. Ó ní ọjọ́ mẹ́ta rèé tí òun ti ń pe Tavares tí kò gbé e, ó sì béèrè bóyá Odessa ti ka ohun tí ìgbìmọ̀ kọ.

"Ìgbìmọ̀ wo?" ni Odessa wí.

Misis Brandt fara balẹ̀ ṣàlàyé. Ọmọ tó bá fi orúkọ sílẹ̀ lè ní kí ìgbìmọ̀ àwọn tó mọ bọ́ọ̀lù sọ ibi tí wọ́n rò pé òun máa bọ́ sí. Ọgọ́ta orúkọ péré ni wọ́n ń pè, láti gbogbo ayé. Ọgbọ̀n àkọ́kọ́ nìkan ni owó wọn dájú. Àwọn ọgbọ̀n tó kù, ẹgbẹ́ lè dá wọn padà kí wọ́n tó wọ aṣọ ẹgbẹ́ lẹ́ẹ̀kan.

"Èsì Tavares ti dé láti ọ̀sẹ̀ méjì, mà," ló wí. "Wọ́n ní àwọn ò rò pé ẹgbẹ́ kankan máa yàn án lọ́dún yìí. Wọ́n ní kó padà, kó ṣe ọdún kan sí i, kí ara ẹ̀ gbó. Tó bá fọwọ́ sí lẹ́tà kékeré kan lónìí, yàrá ẹ̀ ṣì wà níbí, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ẹ̀ ṣì wà. Tí kò bá ṣe é, tí wọn ò sì yàn án, òfin ò ní jẹ́ kó gbá bọ́ọ̀lù fún ilé-ìwé kankan mọ́."

"Ta lẹ fún ní èsì yẹn?"

"Bàbá ẹ̀ pè mí pé àwọn ti rí i."

Odessa ṣírò rẹ̀ lọ́kàn. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni òun àti ọkùnrin yìí ti jọ ń sùn, tí wọ́n jọ ń jẹun, tí kò sọ nǹkan kan. Ó pe Tavares nígbà mọ́kànlá. Fóònù ọmọ náà kò lọ. Ó ti bá ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Rusk lọ sí Chicago láti lọ gbá bọ́ọ̀lù níwájú àwọn kan, wọn kò sì ní dé títí di ìrọ̀lẹ́. Odessa yà sí láíbìrì, ó tẹ lẹ́tà tí Misis Brandt fi ránṣẹ́ jáde. Kò ju ìlà mẹ́ta lọ. Ó kù kí Tavares fọwọ́ sí i, kí wọ́n yà á ní fọ́tò, kí wọ́n fi ránṣẹ́. Lẹ́yìn náà ló gbọ̀nà ṣọ́ọ̀bù lọ, ó sì fa ọkọ rẹ̀ wọ yàrá ẹ̀yìn níbi tí wọ́n ń fọ táwẹ̀lì sí.

Vernell kò jiyàn pé òun kò rí èsì. Ó ní Rusk ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún òun: kóòṣì yunifásítì ló wà nídìí ẹ̀, ó fẹ́ kí ọmọ náà tún fi ọdún kan gba ife-ẹ̀yẹ fún òun lọ́fẹ̀ẹ́.

"Ta ni Rusk yìí gan-an?" Odessa bi í. "Wọ́n ní orúkọ àwọn éjẹ́ǹtì tí wọ́n gbà láyè láti máa bá agbábọ́ọ̀lù wá ẹgbẹ́ wà lákọsílẹ̀, ẹnikẹ́ni ló lè wò ó. Misis Brandt bá mi wò ó lórí fóònù. Kò sí Rusk níbẹ̀."

"Ó ń bá éjẹ́ǹtì ṣiṣẹ́ ni."

"Èwo nínú wọn?"

Vernell kò mọ̀ ọ́n. Ó fi ọwọ́ nu ojú, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. "Odessa, gbogbo ìlú ló ti gbọ́. Pásítọ̀ pè é síwájú ìjọ, wọ́n gbàdúrà fún un. Ojú wo ni kí n fi wo àwọn tó wà níta yẹn? Kí n ní ọmọ mi ti padà síléèwé?"

"Ojú tó o fi ń wò wọ́n lójoojúmọ́ náà ni."

Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Bóyá òótọ́ ni fún ẹni tó ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ayé ọmọ ogún ọdún ni Vernell fẹ́ fi ra iyì fún ara rẹ̀, ẹ̀sín tó sì ń sá fún kò tíì dé rárá.

Agogo mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú ni Tavares àti Rusk wọlé. Rusk kí gbogbo ènìyàn lọ́kọ̀ọ̀kan bí olóṣèlú, ó sì tẹ̀lé ọmọ náà wá sí yàrá ẹ̀yìn pẹ̀lú ìwé àdéhùn tirẹ̀ lápò. Nígbà náà, òfin kò tíì gba ọmọ yunifásítì láyè láti gba owó kankan lórí bọ́ọ̀lù. Ẹni tó bá sì ti tọwọ́ bọ ìwé éjẹ́ǹtì, kò tún lè padà.

Odessa na lẹ́tà sí ọmọ rẹ̀, ó sì sọ ohun tó wà níbẹ̀. Tavares kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti rí èsì ìgbìmọ̀ tẹ́lẹ̀, bàbá rẹ̀ ló ní kó má sọ fún ìyá rẹ̀.

"Dádì," ó wí, "mo lè padà o. Kò burú. Orúnkún mi gan-an ń dùn mí, mi ò kàn sọ ni. Kí lẹ rò?"

Kí Vernell tó dáhùn, ẹnì kan pariwo láti iwájú ṣọ́ọ̀bù: "Tavares, tó o bá ti dọ́hùn-ún, má ṣe bí ẹni tí ò mọ̀ wá rí o." Ẹ̀rín sọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Odessa rí ojú ọkọ rẹ̀, ó sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti ń bọ́ lọ́wọ́ òun. Ó kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù yẹn, níwájú ọmọ tó fi inú ara rẹ̀ bí. "Tavares, mo bẹ̀ ọ́. Ọdún kan péré."

Ọmọ náà gbé ìyá rẹ̀ dìde. Ó tún wo bàbá rẹ̀.

"Ìdílé Tibbs kì í padà sẹ́yìn," ni Vernell wí. "Fọwọ́ sí ti Rusk."

Ó fọwọ́ sí i. Ohun tí ọmọ yìí ti ń fẹ́ láti kékeré ni kí bàbá rẹ̀ máa fi òun yangàn, ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bà á lọ́dún yẹn ni. Nígbà tí agogo márùn-ún lù, Odessa ti jókòó sínú bọ́ọ̀sì òfìfo níta, ó ń sunkún.

Lóṣù kẹfà, ilé àwọn Tibbs kún dẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ará ìjọ gbé ẹran ẹ̀gbẹ́ sísun àti makaróní wá. Wọ́n ń wo tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ń ka orúkọ. Nígbà tó di orúkọ ogójì, àwọn kan ti ń wá bàtà wọn. Nígbà tí wọ́n pe ọgọ́ta tán láìdárúkọ ọmọ náà, kò ku ẹni tó lè wo ojú ẹnì kejì, Tavares sì ti ti ara rẹ̀ mọ́ ilé ìwẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ó pe kóòṣì. Kóòṣì bá a kẹ́dùn, ṣùgbọ́n ó ní àwọn ti fi àyè rẹ̀ fún ọmọ mìíràn, òfin pàápàá kò sì gbà á mọ́. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Rusk gbé fóònù fún ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà kò gbé e mọ́.

Ẹgbẹ́ kékeré kan tó jìnnà réré ló gbà á. Ọ̀pọ̀ wákàtí ni wọ́n fi ń jókòó nínú ọkọ̀ kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù níwájú àga òfìfo. Lóṣù kọkànlá, orúnkún tó ti ń dùn ún já. Ká ní yunifásítì ló wà ni, dókítà ilé-ìwé ì bá ti tọ́jú rẹ̀. Ẹgbẹ́ yìí ní tirẹ̀ fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ pé kó máa lọ sílé, nítorí nínú ìwé tó fọwọ́ sí, kò síbi tí wọ́n ti sọ pé ẹnì kan máa tọ́jú rẹ̀.

Ó fi igi méjì tilẹ̀ wọlé, ó wọ yàrá, kò sì jáde mọ́. Oúnjẹ tí Odessa ń gbé sẹ́nu ọ̀nà ń tutù síbẹ̀. Odessa kó gbogbo oògùn inú ilé pamọ́, ó tú kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn yàrá náà, ó sì ń jókòó sẹ́bàá ibùsùn rẹ̀ lójoojúmọ́ tó bá ti já àwọn ọmọ sílẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Tavares sọ̀rọ̀ láìyí ojú padà láti ara ògiri.

"Màmá, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Kí ni mo wúlò fún báyìí?"

Vernell wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó gbọ́ ọ. Ó jókòó sílẹ̀ níbẹ̀.

Misis Brandt ni Odessa pè. Obìnrin náà wa mọ́tò wákàtí mẹ́ta wá. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó fún wọn ní nọ́ńbà àwọn tó ń bá ẹni tí ayé sú sọ̀rọ̀, ó sì dúró títí Tavares fi pè wọ́n. Lẹ́yìn náà ló sọ fún un pé ilẹ̀kùn bọ́ọ̀lù ló tì, ti ìwé kò tì. Ẹ̀kọ́ ọdún méjì tó ti kọ́ kò bàjẹ́, ilé-ìwé gíga ìlú lè gbà á síbi tó dé. Ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ ọ̀fẹ́ mọ́. Ó máa ṣiṣẹ́ fún un.

Tavares ń ṣiṣẹ́ báyìí níbi tí wọ́n ti ń to ẹrù sọ́kọ̀, ó sì ń lọ sí kíláàsì ní ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀. Ó ń tiro. Ohun tí ì bá parí lọ́dún méjì, bóyá ni kò ní gbà á ní mẹ́fà. Ọ̀rọ̀ òun àti bàbá rẹ̀ kò tíì pọ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé kan tí ṣọ́ọ̀bù kún, bàbá kan jókòó sórí àga, ó ń sọ bí ọmọ tirẹ̀ ṣe fẹ́ fi yunifásítì sílẹ̀ lọ gbá bọ́ọ̀lù. Vernell pa ẹ̀rọ ìgẹrun. "Ṣé o ti ka èsì ìgbìmọ̀?" ló bi í. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí: pé lẹ́tà ti wà nílẹ̀, pé ọmọ òun fẹ́ padà, pé nítorí àwọn tó jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù yìí ni òun kò fi jẹ́ kó padà.

 Díákónì Purvis ló dá a lóhùn, kò sì fi ṣe ẹ̀fẹ̀.

"Nítorí tiwa, Vernell? Tó o bá sọ fún wa pé ó ti padà síléèwé, ọjọ́ méjì la máa fi ṣe ẹ́ ní yẹ̀yẹ́. Ní ọjọ́ kẹta, a ti tún jókòó, a ń gẹrun."

Vernell fi táwẹ̀lì bo ojú, ó sì sunkún níwájú wọn.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín mọ eré ṣe, ẹ ka ìwé tó bá dé nípa rẹ̀, kí tìyá tọmọ jọ kà á nínú ilé. Ẹ mọ ọjọ́ tí ilẹ̀kùn ń tì. Ẹni tó bá ní òun jẹ́ éjẹ́ǹtì, ẹ wá orúkọ rẹ̀ kí ọmọ tó fọwọ́ sí ohunkóhun, kí ẹ sì béèrè ẹni tó máa tọ́jú rẹ̀ bí ó bá ṣubú. Bí ọmọ bá ní ara ń dun òun, ẹ gbọ́ ọ. Tó bá sì di pé kó padà, ẹ jẹ́ kó padà, kí àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín tẹ́rùn. Yẹ̀yẹ́ ọjọ́ méjì kò pa bàbá kankan rí.