Edé Tó Ń Wá sí Ìsìn Òwúrọ̀

Bí agogo ìsìn òwúrọ̀ bá ti ń dún ní ìlú Oríòkè-Ìwàmímọ́ létí òkun, ìdí kòtò edé tí Kọ́lájọ apẹja gbẹ́ sẹ́yìn ilé ló máa ń kọ́kọ́ gbà lọ. Bí ó bá débẹ̀, edé á ti léfòó sójú omi bẹẹrẹ, irùngbọ̀n wọn á máa mì.

"Ìyá Ọlọ́lá, wá wò ó!" á ké pe ìyàwó rẹ̀. "Edé mi kì í pa ìsìn jẹ. Fágbèmí tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì gan-an kì í jí tó wọn."

Inú rẹ̀ á dùn, á sì bu oúnjẹ kún oúnjẹ fún wọn. Ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ ti kọṣẹ́, edé yìí nìkan ló sì fẹ́ tà fi tún un ṣe kí ó tó lè padà sójú òkun. Látìgbà tí epo rọ̀bì ti ṣàn gba odò kọjá, ó ti ti ilẹ̀kùn tí omi ń gbà wọnú kòtò pinpin. Ọgbọ́n ló pe èyí, kò sì rántí ṣí i mọ́.

Rúùtù ìyàwó rẹ̀ yínmú. "Bàbá Ọlọ́lá, nǹkan kan ń rùn níbí o. Ó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́."

"Agbọ̀n ẹja rẹ ni!"

"Ẹja mi? Èyí tí ẹ jẹ lánàá tí ẹ tún lá àwo rẹ̀?"

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, òkú edé ti wà létí kòtò. Kọ́lájọ káwọ́ lérí. "Epo rọ̀bì ti pa mí o! Ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Igbokoda ni màá gbà lọ, wọn yóò gbọ́ ohùn mi!"

Ṣùgbọ́n Rúùtù ti ránṣẹ́ pe Rhoda, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń kọ́ àwọn ọlọ́sìn ẹja níṣẹ́. Rhoda wo ojú omi títí, kò rí epo níbẹ̀. Ó wá ki ọ̀pá ìtukọ̀ bọ ìsàlẹ̀. Ẹrẹ̀ dúdú bí èédú ló bá a jáde, òórùn rẹ̀ sì lé Kọ́lájọ sẹ́yìn.

"Bàbá Ọlọ́lá," Rúùtù bi í, "ṣé agbọ̀n ẹja mi náà nìyí?"

"Bàbá, epo kọ́ o," Rhoda wí. "Oúnjẹ tí wọn ò jẹ tán ló jẹrà sísàlẹ̀. Òun ló ba omi jẹ́, tó sì ń gba afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tán mọ́jú. Kì í ṣe ìsìn ni wọ́n ń wá ṣe láàárọ̀, èémí ni wọ́n ń wá."

"Háà! Wọ́n ń kú lọ, èmi sì ń bu oúnjẹ lé e!" Ojú tì í, àánú wọn sì ṣe é.

Lọ́jọ́ náà, kò fún wọn lóúnjẹ mọ́. Nígbà tí omi òkun ń kún bọ̀, òun àti Rúùtù yẹ ojú rẹ̀ wò, wọ́n rí i pé kò sí epo lórí rẹ̀, wọ́n sì ṣílẹ̀kùn fún un. Bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ omi lójoojúmọ́ nìyẹn, ìwọ̀nba oúnjẹ tí edé lè jẹ tán ni Kọ́lájọ sì wá ń fún wọn. Láìpẹ́, Kọ́lájọ dé ìdí kòtò láàárọ̀, kò rí edé kankan lókè.

"Wọn ò wá sí ìsìn mọ́," ó wí, bí ẹni tí ọ̀rẹ́ já sílẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n sùn," Rúùtù dá a lóhùn. "Ara wọn ló yá."

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin edé létí omi wa, ẹ fún wọn ní ìwọ̀n tí wọ́n lè jẹ tán. Bí ó bá ṣẹ́kù, ẹ dín in kù. Ẹ máa pààrọ̀ omi, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá epo wà lórí èyí tó ń bọ̀. Bí ẹ bá sì ti kó edé tà tán, ẹ kó ẹrẹ̀ dúdú dànù kí ẹ tó da ọmọ edé mìíràn síbẹ̀. Edé tó bá ń jáde wá kí yín láràárọ̀, ẹ má ṣe kí i káàbọ̀. Ẹ lọ wo ìsàlẹ̀ omi.