Ìbuwọ́lùwé Agogo Márùn-ún

Nínú ìwé nọ́ọ̀sì, ìyàwó mi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ó ń béèrè ẹnì kan. Nínú ìwé mìíràn, tí dókítà ilé ìwòsàn kan náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, ìyàwó mi ti kú kí agogo mẹ́rin tó lù. Lọ́yà mi, Ajíbọ́lá, tẹ́ ìwé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí tábìlì, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní ẹjọ́ ti tán. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Ìlà agogo márùn-ún yẹn ni mò ń kà lákàtúnkà.

Ọdún 1988 ni. Olùkọ́ ni mí nílé ẹ̀kọ́ àwọn Mẹ́tọ́díìsì kan ní Àpòmù. Ìgbà tí oyún kẹta Jemima, ìyàwó mi, bàjẹ́ ni kò sùn mọ́, tí kò jẹun mọ́, tó ń sọ pé òun fẹ́ lọ sinmi. Mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ìkirè. Mo bẹ dókítà pé kí wọ́n má fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, pé ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni nọ́ọ̀sì yóò máa yẹ̀ ẹ́ wò, tí yóò sì máa buwọ́ lùwé pé òun ti rí i.

Ní ọjọ́ kẹfà, Jemima gba ẹ̀yìnkùlé jáde, ó sì gbẹ̀mí ara rẹ̀. Ológbà ló rí i. Dókítà ní kí ó pa ẹnu mọ́ kí ẹ̀rù má ba àwọn aláìsàn yòókù, nítorí náà kò sẹ́ni tó sọ fún àwọn nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Agogo mẹ́rin ni mo máa ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ yẹn, ìnsípẹ́kítọ̀ dá wa dúró nílé ẹ̀kọ́. Agogo mẹ́fà ku díẹ̀ ni mo dé.

Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá kú irú ikú bẹ́ẹ̀, a kì í sunkún rẹ̀ síta, a kì í sì í dárúkọ ohun tó pa á. Bùrọ̀dá Obadiah, ẹ̀gbọ́n Jemima, wá bá mi nílé.

"Títọ́ọ̀sì, ibà ló pa á. Ohun tí a sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn. Bí o bá gbé e dé kóòtù, gbogbo Ìkirè ni yóò gbọ́."

Mo ní kí wọ́n gbọ́. Mo fẹ́ kí ẹnì kan kà á síta pé wọn ò ṣọ́ ọ.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ ni nọ́ọ̀sì náà wá sílé mi lọ́sàn-án gangan. Sàfúrátù lorúkọ rẹ̀, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Kò jókòó títí mo fi bẹ̀ ẹ́.

"Tíṣà, mo wá jẹ́wọ́ ni. Èmi nìkan ni mo wà fún wọ́ọ̀dù méjì lọ́jọ́ náà, obìnrin kan sì ń rọbí ní òdìkejì. Mo buwọ́ lu ti agogo méjì àbọ̀, agogo mẹ́ta àti mẹ́ta àbọ̀ sílẹ̀ kí n tó lọ. Gbogbo wa la máa ń ṣe bẹ́ẹ̀."

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Bírò ni wọ́n fi ń ṣọ́ ìyàwó mi. Síbẹ̀ n ò lè bínú tó bí mo ṣe fẹ́. Èmi náà ti fàmì sí rẹ́jísítà rí fún ọmọ tó wà lóko kòkó, nígbà tí ìnsípẹ́kítọ̀ ń bọ̀.

"Agogo mẹ́rin ńkọ́?"

Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Mo ti padà dé nígbà yẹn. Ní agogo mẹ́rin, mẹ́rin àbọ̀, àti márùn-ún, mo rí ìyàwó yín, sà. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Erùpẹ̀ wà létí ìró wọn. Mo di ọwọ́ wọn mú, kò gbóná, kò tutù. Obìnrin tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì bi mí pé ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀."

"Kí ni Jemima sọ?"

"Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ohun kan náà ni. Wọ́n ní, 'Ṣé Bàbá Rẹ́jísítà ti dé?' Mi ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀."

Èmi ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Inú yàrá wa nìkan ni Jemima ti máa ń fi í ṣe mí ní yẹ̀yẹ́, nítorí mo máa ń bi í níbi tó lọ bí ẹni ń pe orúkọ ọmọ ilé ìwé. Kò sí ẹlòmíràn láyé tó mọ̀ ọ́n. Àárò rẹ̀ sọ mí débi tí mo fi di àga mú. Ó ti kú tán, ó tún padà wá dúró dè mí fún odidi wákàtí kan, èmi sì wà níbi tí ìnsípẹ́kítọ̀ ti ń ka àga.

Mo sọ ọ́ fún Ajíbọ́lá. Ó dìde, ó ti ilẹ̀kùn.

"Ẹ má jẹ́ kí adájọ́ gbọ́ èyí. Bí ọmọbìnrin yẹn bá ní òun rí òkú, wọ́n á ní orí rẹ̀ ti dàrú, wọn ò sì ní gba ìjẹ́wọ́ rẹ̀ gbọ́ mọ́. Kó sọ pé irọ́ ni gbogbo ìbuwọ́lùwé náà látòkè délẹ̀."

Mo wọ mọ́tò lọ sí Ìkirè, mo bẹ Sàfúrátù. Ó sunkún. Ó ní Àlùkùráánì ni òun yóò fi búra. Mo bẹ̀ ẹ́ sí i. Mo fẹ́ borí, n ò sì fẹ́ gbọ́ nǹkan mìíràn.

Ní kóòtù, iwájú ni mo jókòó. Àwọn èèyàn ń dúró lẹ́bàá ògiri, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó jókòó sí ọwọ́ òsì mi. Mo rò pé ìtìjú irú ikú yẹn ni wọ́n ń sá fún.

"Ní agogo mẹ́rin," Ajíbọ́lá bi í, "ṣé ẹ rí obìnrin yìí?"

Ojú Sàfúrátù wá sọ́dọ̀ mi, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, ó dúró síbẹ̀. "Mi ò rí wọn."

"Mẹ́rin àbọ̀?"

"Mi ò rí wọn."

"Márùn-ún ńkọ́?"

Mo tẹjú mọ́ ọn, mo rọra fi orí bẹ̀ ẹ́.

"Mi ò rí wọn rárá."

Bẹ́ńṣì ké díẹ̀ lábẹ́ mi.

Adájọ́ dá mi láre lóṣù tó tẹ̀ lé e. Ó kà á síta pé wọn ò ṣọ́ Jemima, bí mo ṣe fẹ́ gẹ́lẹ́. Sàfúrátù dúró dè mí nínú ọgbà kóòtù lẹ́yìn tí àwọn èèyàn ti túká. Ohùn rẹ̀ kò ròkè.

"Lọ́jọ́ tí mo jẹ́rìí, ìyàwó yín jókòó tì yín, sà. Wọ́n gbé ọwọ́ lé orúnkún yín. Ìgbà tí mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta pé mi ò rí wọn, wọ́n dìde."

Mo bi í: "Ṣé ó wẹ̀yìn?"

"Wọ́n wẹ̀yìn, sà. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wò yín. Èmi lẹ̀ ń wò, tí ẹ ń fi orí bẹ̀ mí pé kí n sọ ọ́."