Kendra, Bàálù àti Àlìkámà Bàbá Àgbà

"Rusty, kúrò lábẹ́ ìyẹ́ bàálù yìí kí n tó fi epo wẹ̀ ọ́!"

Kendra ló ń pariwo mọ́ mi bẹ́ẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìdánwò rẹ̀. Ó di ife kékeré kan mú, ó ń fa epo díẹ̀ láti inú ìyẹ́ bàálù sínú rẹ̀, ó ń gbé e sókè sójú oòrùn bóyá òun yóò rí omi nínú rẹ̀. Mo ti bi í léèrè bóyá mímu ló fẹ́ mu ún tàbí ó fẹ́ fi fọ ẹnu ni. Inú rẹ̀ ò dùn sí i.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni Kendra. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, ṣùgbọ́n ọpọlọ orí rẹ̀ tó ti ènìyàn mẹ́fà, tèmi sì wà lára àwọn mẹ́fà náà, nítorí n kò rí i lò láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Èmi fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ láìparí, torí pé èmi àti ìṣirò kì í kí ara wa. Ẹ̀rọ ìkórè ni mo ń wà nínú oko Bàbá àgbà wa, níhìn-ín ní Harlan Creek, nínú Kansas, níbi tí afẹ́fẹ́ ti lè já irùngbọ̀n gbà lẹ́nu ọkùnrin kan kó lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìyàwó aládùúgbò rẹ̀ lẹ́nu.

Ọjọ́ yẹn kì í ṣe ọjọ́ eré fún Kendra. Ilé ẹ̀kọ́ gíga kan tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ bàálù ti gbà á wọlé, ṣùgbọ́n wọ́n ní kó mú láísẹ́ǹsì awakọ̀ bàálù wá kí sáà tuntun tó bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá rí i mú wá, wọn yóò gbé àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Àwọn tó sì ń ṣe ìdánwò yìí fún ènìyàn wọ́n ju òjò inú ọ̀gbẹlẹ̀ lọ. Ìgbà òtútù ni Kendra ti ń dúró de Ọ̀gbẹ́ni Stroud, ọ̀kan nínú wọn, ẹ̀ẹ̀rùn ló tó ráyè dé.

Ọ̀gbẹ́ni Stroud náà nìyẹn tó ń bọ̀ yẹn. Ó ga débi pé ńṣe ló ká ara rẹ̀ bí aṣọ kó tó lè wọ inú bàálù kékeré náà. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. Ó ti fi ìbéèrè gbo Kendra nínú ọ́fíìsì títí, Kendra sì dá a lóhùn gbogbo rẹ̀. Ó ku kí wọ́n gbéra sókè.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lókè, ẹ gbọ́ ohun tó wà nílẹ̀. Àlìkámà Bàbá àgbà ti gbó. Ó pọ́n yòò bí irun ọmọ òyìnbó, ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí a kórè rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹnikẹ́ni kì í fi ẹsẹ̀ tẹ àlìkámà tó gbó. Ọmọdé á ti mọ èyí kó tó mọ orúkọ ara rẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bọ́ọ̀lù mi yí wọ inú àlìkámà, mo sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n kórè rẹ̀ mọ́ ọkà. Ó dá mi lójú pé ẹnìkan ní Chicago ti fi bọ́tà jẹ ẹ́ mọ́ búrẹ́dì. Ní ti Bàbá àgbà, bí àgbọ̀nrín kan bá yẹsẹ̀ wọ inú oko rẹ̀, á dúró sí etí oko, á máa bá a wí títí ojú á fi ti ẹran náà.

Nítorí náà, bàálù gbéra. Ohun tí mo máa sọ báyìí, ẹnu Kendra ni mo ti gbọ́ ọ, mo kàn fi iyọ̀ díẹ̀ sí i ni.

Gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa. Ó yí bàálù sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ó gbé imú rẹ̀ sókè títí tí ìyẹ́ ò fi fẹ́ gbé e mọ́, ó sì mú un bọ̀ sípò wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọ̀gbẹ́ni Stroud ń kọ nǹkan. Bí wọ́n ṣe dé òkè oko wa báyìí, ó na ọwọ́ gígùn rẹ̀, ó fa ọ̀pá epo, èyí tó ń fún ẹ́ńjìnnì lágbára, sẹ́yìn. Ẹ́ńjìnnì bá rọlẹ̀.

"Ẹ́ńjìnnì rẹ kú," ni ó wí, bí ẹni ń sọ pé kọfí ti tutù. "Ibo lo máa bà sí?"

Wọ́n máa ń ṣe é fún gbogbo ẹni tó bá ń ṣe ìdánwò yìí. Ẹ́ńjìnnì kò kú ní tòótọ́, ṣùgbọ́n ènìyàn gbọ́dọ̀ yan ibì kan nísàlẹ̀, kó sì darí bàálù lọ síbẹ̀ bí ẹni pé ó fẹ́ balẹ̀ níbẹ̀. Kendra tẹ imú bàálù wálẹ̀ bó ti yẹ, ó ń fò bí àwòdì tí kò ju apá. Ó wo ìsàlẹ̀. Oko Bàbá àgbà wà níbẹ̀ gan-an, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó gùn, kò sí igi, kò sí òkúta. Àlìkámà kún inú rẹ̀ bámúbámú.

Kendra sì yí orí bàálù kúrò níbẹ̀.

"Ibo là ń lọ?" ni Ọ̀gbẹ́ni Stroud béèrè.

"Ilẹ̀ tí wọ́n ti tú lọ́hùn-ún, ọ̀gá. Ní òdìkejì títì."

"Ṣé a máa dé ibẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá."

Wọn ò ní dé ibẹ̀. Bàálù ń sọ̀kalẹ̀, títì ń ga bọ̀ lójú wọn, òpó iná sì tò sí etí títì bí ọlọ́pàá. Wáyà iná na gbọọrọ níwájú wọn. Ọ̀gbẹ́ni Stroud dúró títí ó fi hàn gbangba-gbàǹgbà, ó ní, "Ó tó. Fún un lépo, ká máa lọ sókè."

Kendra ti ọ̀pá epo síwájú. Ojú rẹ̀ ti fún pọ̀ bí aṣọ tí wọ́n fún omi rẹ̀ dànù.

"Wáyà yẹn ni à bá kó sí," ni ọkùnrin náà wí. "Oko tó dára wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Kí ló dé tí o ò lọ síbẹ̀?"

"Àlìkámà Bàbá àgbà mi ni, ọ̀gá. Ó ti gbó."

Ọ̀gbẹ́ni Stroud kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀. "Oko àlìkámà ni wọ́n bí èmi náà sí," ni ó wí. "Ó yé mi. Ṣùgbọ́n o ò yege ibi yìí. Ṣé ká padà sílé ni, àbí ká parí ìyókù?"

"Ẹ jẹ́ ká parí rẹ̀, ọ̀gá."

Ó ṣe gbogbo ìyókù láìsí àléébù kan. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n balẹ̀, kò sí láísẹ́ǹsì. Ó gbọ́dọ̀ tún ibi tó ti kùnà ṣe, Ọ̀gbẹ́ni Stroud kò sì ní àyè títí di ìgbà tí ewé máa ń wọ́. Ilé ẹ̀kọ́ gíga á sì ti wọlé nígbà náà.

Kendra ló sọ gbogbo èyí fún mi nínú ọkọ̀ bí a ṣe ń lọ sílé. Ó ní, "Rusty, tí o bá sọ fún Bàbá àgbà, màá fún ọ lọ́rùn."

"Ṣé èmi ni? Ẹnu mi bí ibojì ni."

Nídìí oúnjẹ, Bàbá àgbà wo ojú rẹ̀, ó ti mọ̀. "Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Afẹ́fẹ́ ni, Bàbá. Afẹ́fẹ́ ló gbé mi lọ."

"Afẹ́fẹ́ wo? Lónìí tí ewé kan ò mì?"

Kendra tẹ orí ba. Mo fi ẹran há ẹnu, mo tún fi ọ̀dùnkún há a. Ọ̀rọ̀ náà ń ta mí nínú bí eèrà. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo ní, "Bàbá, irọ́ ni. Ọkà yín ló já a kulẹ̀! Kò fẹ́ bà lé e lórí, ló bá forí lé wáyà iná!"

Kendra ta mí nípàá lábẹ́ tábìlì. Egungun mi ṣì ń dùn mí títí di òní.

Bàbá àgbà gbé fọ́ọ̀kì rẹ̀ sílẹ̀. Ó dìde, ó mú kọ́kọ́rọ́. "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ bọ́ sínú ọkọ̀."

A wọ inú píkọ́ọ̀pù rẹ̀ àtijọ́. Ó wà á dé etí oko, mo rò pé á dúró. Kò dúró. Ó wọ inú àlìkámà lọ gbuurugbu! Ọkà ń gbá ara ọkọ̀, ó ń gbá fèrèsé, ó ń wólẹ̀ lábẹ́ táyà.

"Bàbá! Ọkà!" ni Kendra figbe ta.

Èmi ti ń ka àdúrà, mo rò pé orí bàbá arúgbó yìí ti dàrú. Ó wakọ̀ títí dé àárín oko gan-an, ó pa ẹ́ńjìnnì. Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́.

"Ṣé ọkà yìí ń sunkún?" ló béèrè.

"Rárá, Bàbá."

"Èmi ńkọ́, ṣé mo ti kú?"

"Rárá, Bàbá."

"Yìnyín ti fọ́ oko yìí rí. Iná ti jó o rí. A tún un gbìn. Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Ó yíjú sí i. "Ìwọ ńkọ́, Kendra? Oko wo ni màá ti lọ gbin ìwọ?"

Kendra bú sẹ́kún. Bàbá àgbà di sítíárì mú, ó ń wo iwájú. "Láti kékeré ni mo ti ń kọ́ ọ pé kó o má tẹ ọkà. N kò sọ fún ọ rí pé ìwọ ṣe iyebíye jù ú lọ. Mo ti rò pé o mọ̀."

Láti ọjọ́ kejì, Joline tó ń kọ́ Kendra ní wíwa bàálù gbé e lọ sókè léraléra. Ẹ́ńjìnnì "kú" níbi gbogbo: lórí odò, lórí ọgbà màlúù, lórí ilé ìyá mi. Kendra sì ń pe Ọ̀gbẹ́ni Stroud pé bí ẹnìkan bá sá fún ìdánwò tirẹ̀, kó rántí òun. Ní ọjọ́ kan tí a ń kórè lọ́wọ́, fóònù dún. Ẹnìkan ti sá.

Lọ́jọ́ yẹn, Ọ̀gbẹ́ni Stroud dúró títí wọ́n fi dé etí ìlú, ó fa ọ̀pá epo sẹ́yìn. Ilé lọ́tùn-ún, igi lósì. Ilẹ̀ kan ṣoṣo tó ṣófo ni oko àlìkámà tí ìjọ wa ń gbìn fún àwọn tí ebi ń pa, wọn ò tíì kórè rẹ̀. Kendra ò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Ó forí lé e tààrà.

Ọ̀gbẹ́ni Stroud wo ìsàlẹ̀. "Àlìkámà ta nìyẹn?"

"Ti ìjọ ni, ọ̀gá."

"Ìwọ ọmọ yìí! Ẹ̀rù Ọlọ́run ò bà ọ́?"

"Ó ń bà mí, ọ̀gá. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ká wà láàyè lọ́jọ́ Ìsinmi, ká lè lọ tọrọ àforíjì."

Wọ́n ní ẹ̀rín tí Ọ̀gbẹ́ni Stroud rín lọ́jọ́ náà, bàálù ń mì tìtì. Wọ́n ti sún mọ́ ọkà náà dáadáa kó tó ní kó fún un lépo. Nígbà tí wọ́n balẹ̀, ó fún un ní ìwé pélébé kan, ó sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Kendra ti di awakọ̀ bàálù, ó sì wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga náà lásìkò.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ mi, mo lè parọ́ nípa irùngbọ̀n àti bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe irọ́. Ohun rere ni kí a bọ̀wọ̀ fún ohun tí àwọn àgbà wa làágùn lé lórí. Àmọ́ bí ewu bá dé, ẹ̀mí ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé. Ohun ìní á ṣe é tún ṣe. Ẹ má sì fi ìdí tí ẹ fi kùnà pamọ́ fún ẹni tó fẹ́ràn yín, nítorí ó lè jẹ́ pé ọwọ́ ẹni náà gan-an ni ìtúsílẹ̀ yín wà.

Ní ti àlìkámà tí Bàbá àgbà fi ọkọ̀ tẹ̀ yẹn, èmi ni wọ́n ní kí n fi ọwọ́ ṣà á.