Baba Tó Ń Rin Ààlà Òkè Chinquapin

Ojú ẹsẹ̀ bàtà wà nílẹ̀ yàrá ìwé ilé ẹjọ́ Wexcombe láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ẹrẹ̀ pupa ló fi tẹ ilẹ̀, ẹrẹ̀ náà sì ṣì tutù. Láti ìdí pẹpẹ ìwé tó jìnnà jù lọ ló ti bẹ̀rẹ̀, ó gba àárín yàrá, ó sì parí síwájú tábìlì. Kò sí ẹyọ kan tó wá láti ẹnu ọ̀nà. Tansy Crute, obìnrin tó ń tọ́jú ìwé níbẹ̀, ní àwọn tó ń kun ògiri ló wá ṣe ọ̀bùn síbẹ̀. Ó mú àkísà, ó nù ún kúrò. Kò bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí wọ́n ti rí ẹrẹ̀, nígbà tí òjò ò tíì kan ilẹ̀ Wexcombe láti ìgbà tí wọ́n ti gbin tábà ọdún náà.

Odessa Gilliam ló bi í.

"Tansy, ṣé inú ilé yín níbí nìkan lòjò ti rọ̀ ni?"

"Ẹ jókòó, Màmá Gilliam. Ẹ jẹ́ kí n mu kọfí mi ná."

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni Odessa, àgbà obìnrin aláwọ̀ dúdú tí ojú rẹ̀ kì í fo nǹkan. Ọ̀rọ̀ Òkè Chinquapin ló ń gbé e wá sí ilé ẹjọ́ lójoojúmọ́. Orí òkè yẹn ni ìjọ Mount Nebo ń sin òkú wọn sí láti ayébáyé. Ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, ìyá ìyá rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Àmọ́ iná ti jó ṣọ́ọ̀ṣì wọn nígbà kan, ìwé ilẹ̀ sì bá iná lọ. Ni Ludwell Brackett bá dìde, ó ní àárín ilẹ̀ ìdílé òun ni òkè náà wà, òun sì fẹ́ tà á fún àwọn kan tó fẹ́ kọ́ ilé ọlọ́rọ̀ síbẹ̀. Adájọ́ ní kí tọ̀tún tòsì lọ wá ẹ̀rí nínú ìwé àtijọ́ kí wọ́n tó padà sọ́dọ̀ òun.

Ludwell ni ó gbẹ̀yìn nínú ìdílé Brackett, àwọn olóko tábà tí wọ́n fìgbà kan ni ilẹ̀ láti etí odò títí dé ẹsẹ̀ òkè ńlá. Gbogbo rẹ̀ ti tán lọ́wọ́ wọn. Ilé olópòó funfun kan ló ṣẹ́ kù, òrùlé rẹ̀ sì ń jò débi pé tí òjò bá ń rọ̀, abẹ́ agboorùn ni Ludwell ti ń jẹun alẹ́. Tábìlì kan ṣoṣo ló wà nínú yàrá ìwé, nítorí náà òun àti Odessa jọ ń jókòó síbẹ̀ ni, ojú ko ojú. Wọ́n ti mọ ara wọn láti kékeré. Odessa ló tọ́jú ìyá Ludwell títí ọlọ́jọ́ fi dé. Wọn ò lè bínú síra wọn dáadáa bó ṣe yẹ kí ọ̀tá bínú, wọ́n á bú ara wọn tán, Ludwell á yọ búrẹ́dì tó fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sí láàárín, á gé e sí méjì, Odessa náà á bu tíì tútù rẹ̀ fún un.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, Ludwell ṣí ìwé ńlá kan tí awọ rẹ̀ ti ń bó, ó ń ka bí wọ́n ṣe júwe ilẹ̀ Armistead Brackett, baba ńlá rẹ̀. Láti ìdí igi óákù tí mànàmáná là, lọ sí ibi tí ẹlẹ́dẹ̀ opó Tuggle ti rì sínú ẹrẹ̀, láti ibẹ̀ lọ sí ìdí igi pọ́pílà méjì.

Odessa ní ṣé ẹlẹ́dẹ̀ náà ṣì wà níbẹ̀, kó wá jẹ́rìí níwájú adájọ́.

"Kì í ṣe pọ́pílà," ni ohùn kan sọ jẹ́jẹ́ lẹ́yìn wọn. "Ọtí ló pa akọ̀wé lọ́jọ́ náà. Igi mìíràn ni."

Wọ́n bojú wẹ̀yìn. Ọkùnrin arúgbó kan ló dúró síbẹ̀, ó wọ kóòtù gígùn aláwọ̀ ilẹ̀, ṣòkòtò rẹ̀ mọ ní orúnkún, ó dé fìlà, ó fi ọ̀já dúdú so irun rẹ̀ sẹ́yìn. Kò yà wọ́n lẹ́nu. Ní ìpínlẹ̀ Virginia tí Wexcombe wà, ẹni tó bá wọ aṣọ ayé Ọba George, ìgbà tí Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń jọba lé wọn lórí, lọ ra epo sọ́kọ̀, kò sẹ́ni tí yóò wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Iṣẹ́ oṣù ni fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, wọ́n ń fi ṣe ìran fún àwọn tó ń rìnrìn afẹ́. Tansy ò tilẹ̀ gbójú sókè dáadáa tó fi ní kí baba náà nu bàtà rẹ̀, pé ó tutù.

"Ó ti pẹ́ tó ti tutù, ọmọ mi," ni baba náà wí.

Inú Ludwell dùn dé ọ̀run. Kò sí ohun tí ọkùnrin yìí ò mọ̀ nípa ilẹ̀ Brackett. Ó mọ ibi tí ọgbà bẹ̀rẹ̀, ó mọ ẹni tó jí igi ọgbà ta, ó sì ń bú opó Tuggle bí ẹni pé àárọ̀ yẹn gan-an ni obìnrin náà ṣẹ̀ ẹ́. Odessa ní tirẹ̀ ń fi ojú nọ́ọ̀sì wò ó. Baba náà tẹ̀ sórí ìwé títí ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan án, síbẹ̀ eruku orí ìwé ò mira. Òórùn ewé tábà àti ti omi adágún ló ń jáde lára rẹ̀. Odessa fẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú kó yẹ̀ ẹ́ wò, àmọ́ ọwọ́ ara rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀ fún un.

Baba náà wá béèrè èwo nínú wọn ló ń jẹ́ Brackett. Ludwell nawọ́ sókè bí ọmọ iléèwé. Arúgbó náà wò ó látòkèdélẹ̀, ó mi orí bí ẹni tó ra ẹṣin tó wá rí i pé ó ń tiro.

"Kò burú," ni ó wí. "Ìwọ náà ni ó kù. Ìwé kì í rìn, ọmọ mi. Láàárọ̀ ọ̀la, ẹ wá ká jọ rin ààlà."

Nígbà tí wọn yóò fi tún wẹ̀yìn, ó ti lọ. Tansy ní òun ò rí i kó jáde, àti pé òun ò ráyè àwọn òṣèré.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ludwell fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé Odessa. Odessa ní òun ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá nìkan lọ rí òkúta ààlà lẹ́yìn òun. Wọ́n bá baba náà ní ìdí kùkùté igi óákù, ó ti ń retí wọn, kò sì sí ọkọ̀ tàbí ẹṣin nítòsí. Bí ìrìn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Baba náà á fi ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ nàka sílẹ̀, Ludwell á bẹ̀rẹ̀, á wa ewé sẹ́gbẹ̀ẹ́, òkúta tí wọ́n fín lẹ́tà B sí á sì yọjú. Ludwell ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ tuntun. Ní ti Odessa, ọkàn rẹ̀ ń wó díẹ̀díẹ̀, nítorí òkúta kọ̀ọ̀kan ń fà wọ́n sún mọ́ òkè.

Nígbà tó yá, ó fa Ludwell lápá aṣọ.

"Lud, fetí sílẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ń dún nínú ewé. Tìrẹ náà ń dún. Tirẹ̀ ńkọ́?"

"Bàtà rẹ̀ ló rọ̀."

"Ewé gbígbẹ ni, Lud."

"Odessa, jọ̀ọ́. Jẹ́ kí n gba ilẹ̀ mi tán ká tó sọ̀rọ̀ bàtà."

Wọ́n dé etí odò kékeré tó sàn kọjá ní ìsàlẹ̀ Òkè Chinquapin. Níbẹ̀ ni baba náà dúró, tí kò rìn mọ́. Lókè, àwọn òkúta ibojì ń yọ funfun láàárín igi páìnì. Ludwell béèrè bóyá òkúta tó kù wà lókè. Baba náà ní ó wà lókè, lẹ́yìn àwọn ibojì. Òun fúnra òun lòun gbé e débẹ̀.

Odessa ní, "Ta ni yín gan-an, Baba?"

"Armistead Brackett. Èmi ni mo ni gbogbo ibi tí ojú yín tó." Ó wo òkè náà, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀. "Àfi ibẹ̀ yẹn."

Ó wá rojọ́ ara rẹ̀, bí ẹni tó ń ṣàlàyé fún aládùúgbò pé kò sẹ́bi òun níbẹ̀. Agbowó-orí ló ń bọ̀ wá ka ilẹ̀. Òkè náà kò wúlò fún tábà, kò sì fẹ́ san owó lé e. Ó gbọ́wọ́ lé Bíbélì, ó búra pé òkè kì í ṣe tòun, ó kọ ìwé rẹ̀ fún Jupiter Gilliam, alágbẹ̀dẹ tó ti jẹ́ ẹrú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kó tó ra ara rẹ̀ padà. Ó rò pé Jupiter ò ní rí owó náà san. Jupiter san án. Ọdọọdún ló ń san án. Nígbà tí Armistead rí i pé igi orí òkè ti tóbi tó gẹdú, ó lọ ní òru, ó gbé òkúta ààlà láti etí odò, ó gbé e kọjá òkè. Nígbà tí àwọn alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì tó ń bójú tó ààlà láyé ìgbà náà wá yẹ̀ ẹ́ wò, ó tún búra lórí Bíbélì yẹn kan náà pé òun lòun ni òkè.

Odessa mọ orúkọ náà. Jupiter Gilliam ni orúkọ àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ sínú Bíbélì ilé wọn.

"Nígbà tí mo kú," ni baba náà wí, "mo rò pé mo máa sinmi. Wọ́n ní kí n lọ rin ààlà mi yípo, tó bá ti pé, kí n wá. Mo ní èwo nínú ààlà méjèèjì, ti òótọ́ àbí ti irọ́? Wọ́n ní, ìyẹn gan-an ni ọ̀rọ̀."

Ọwọ́ òun ò lè gbé òkúta mọ́, ó ní ọmọ òun ló gbọ́dọ̀ gbé e padà. Ó fi kún un, jẹ́jẹ́, pé èyíkéyìí nínú ẹ̀jẹ̀ òun tó bá tún pe òkè náà ní tirẹ̀, onítọ̀hún ni yóò gba ọ̀pá lọ́wọ́ òun, tí yóò máa rin ààlà nípò òun. Ludwell wolẹ̀. Ilẹ̀ gbẹ táútáú lábẹ́ rẹ̀, àmọ́ ẹrẹ̀ pupa tútù ti mu bàtà rẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀.

Ó ní dókítà òun ti kìlọ̀ pé òun ò gbọ́dọ̀ gbé ẹrù wúwo.

"Nọ́ọ̀sì ni mí," ni Odessa wí. "Mo gbà ọ́ láyè. Lọ gbé e."

Ludwell fo odò náà, ó gun òkè. Odessa dúró, ó ń wò ó, ìgbà náà ló rí wọn. Àwọn ènìyàn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì, wọ́n ń yà lọ́nà fún Ludwell bó ṣe ń kọjá láìmọ̀. Ọkùnrin kan tó wọ awọ alágbẹ̀dẹ ká àyà wà níwájú gbogbo wọn, ó káwọ́ gbera. Bí ìyá Odessa ṣe máa ń dúró nìyẹn tó bá ń retí ẹni tó jẹ̀bi.

Ludwell gbé òkúta náà mọ́ àyà, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Kò tíì dé ìdajì tí baba ńlá rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ júwe láti ìsàlẹ̀.

"Ìdí páìnì yẹn dára. Gbé e síbẹ̀. Ó tó bẹ́ẹ̀."

Ludwell gbé e sílẹ̀ ní ìdí igi náà. Kíá, ẹrẹ̀ gun ojúgun rẹ̀. Ó tún gbé e.

"Ó dáa, apá kejì àpáta yẹn," ni arúgbó náà wí. "Igi dáadáa ló wà níbẹ̀ yẹn, ọmọ mi. Má fi gbogbo rẹ̀ tọrẹ."

"Baba," ni Odessa wí, "ṣé ẹ fẹ́ sinmi àbí ẹ fẹ́ gẹdú?"

Arúgbó náà ronú sí i. Ó ronú pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Lẹ́yìn náà ó gbé ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀, kò sì sọ̀rọ̀ mọ́ títí Ludwell fi gbé òkúta náà kalẹ̀ sí etí odò, sínú ihò tí òkúta náà ti fi sílẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá, tó ṣì bá a mu rẹ́gí.

Alágbẹ̀dẹ náà sọ̀ kalẹ̀ wá sí etí omi. Ó wo òkúta, ó wo Armistead. Armistead ṣí fìlà, ó la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan. Jupiter ò dúró gbọ́. Ó kẹ̀yìn sí i, ó gun òkè rẹ̀ lọ. Nígbà tí Odessa máa fi wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò sí nǹkan kan níbi tí arúgbó náà dúró sí, àfi ewé.

Ludwell sọ fún adájọ́ pé òun ò bá ẹnikẹ́ni du òkè mọ́. Adájọ́ béèrè ta ló là á lóye. Ó ní onílẹ̀ fúnra rẹ̀ ni. Gbogbo ilé ẹjọ́ rẹ́rìn-ín, Ludwell ò rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ síwèé fún Mount Nebo. Nígbà tí wọ́n jáde, ó bi Odessa bóyá wọ́n lè rí àyè kékeré fún òun lórí òkè náà lọ́jọ́ iwájú, nítorí kò wu òun láti sùn ti àwọn ènìyàn òun mọ́. Odessa ní ìjọ á ṣèpàdé lé e lórí.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí Tansy Crute tẹ Odessa láago láàárọ̀ kan. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ bí ẹni tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní àwọn òṣèré yẹn tún ti dé, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí wọ́n pọ̀. Wọ́n tò síwájú yàrá ìwé látorí àtẹ̀gùn, tọkùnrin tobìnrin, oníkálukú mú ọ̀pá dání. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bá ènìyàn tún ààlà ṣe.

Odessa ní kó sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ wá ọmọ wọn.

"Mo ti sọ bẹ́ẹ̀, Màmá," ni Tansy wí. "Èyí tó wà níwájú pátá ní Crute lòun ń jẹ́."